Ife Rọ́gbì tí Nàìjíríà Gbà ní Sùúrùlérè, àti Owó Òòjọ́ tó Bí Eré Náà

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí eré rọ́gbì líìgì ṣe dé ayé, òwe yìí ni kí ó kọ́kọ́ mú dání. Kì í ṣe inú ìdárayá lásán ni wọ́n ti bí eré náà. Inú àríyànjiyàn lórí owó iṣẹ́ òòjọ́ ni, láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ìwakùsà àti ilé ìhunṣọ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1895. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́fà lẹ́yìn ìgbà náà, eré yìí kan náà kó orílẹ̀-èdè mẹ́rin jọ sí Sùúrùlérè ní ìlú Èkó, Nàìjíríà sì gbégbá orókè.

Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni. Nàìjíríà, Gánà, Kamẹrúùnù àti Mòrókò ni wọ́n pàdé ní pápá ìṣeré Teslim Balógun láti du ife ẹ̀yẹ rọ́gbì líìgì ti ẹkùn Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn. Ikọ̀ méjì-méjì ni wọ́n kọ́kọ́ forí gbárí, àwọn méjì tó borí sì pàdé nínú àṣekágbá. Ikọ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Green Hawks, ló fi ẹ̀yìn Mòrókò gbálẹ̀ tí ó sì gbé ife náà. Ikọ̀ tuntun ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó mọ orúkọ gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù Super Eagles ni kò gbọ́ rárá pé irú ìdíje bẹ́ẹ̀ wáyé.

Ìròyìn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kì í pẹ́ kó tó dé Akínmọ̀ọ́rìn. Bí Super Eagles bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ariwo tó bá sọ ní Fìdítì náà ni yóò sọ ní Ìlọrà. Ti rọ́gbì kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìtàn eré yìí sún mọ́ ọ̀dọ́ Akínmọ̀ọ́rìn ju bí ènìyàn ti lè rò lọ. Ọ̀dọ́ tó ń ṣe àgbàṣe lóko ẹ̀gẹ́, tàbí tó ń po sìmẹ́ńtì fún bíríkìlà, mọ ohun tí ọjọ́ iṣẹ́ kan tó bọ́ sọnù túmọ̀ sí: kò sí iṣẹ́, kò sí owó. Ìbéèrè tó ya rọ́gbì sí méjì ní ọdún 1895 ṣì wà níwájú irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ṣeré fún ìlú, ta ni yóò san owó ọjọ́ náà?

Ṣílè mẹ́fà

Kí ọdún 1895 tó dé, rọ́gbì kan ṣoṣo ló wà. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ ni, àwọn tó kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ olówó gọbọi. Ní àríwá, ní agbègbè Yorkshire àti Lancashire, ó ti di eré àwọn tó ń wa èédú nínú ilẹ̀, àwọn tó ń hun aṣọ nílé iṣẹ́, àti àwọn tó ń já ẹrù ní èbúté. Èrò ń wọ́ tìtì wá wò wọ́n ní ọjọ́ Sátidé, owó sì ń wọlé lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣeré gan-an kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Òfin àwọn aláṣẹ rọ́gbì ni pé eré ìfẹ́ ni, ẹni tó bá gbowó ti ba eré jẹ́.

Òfin náà kò wúwo lórí ọmọ ọlọ́rọ̀, nítorí kò sí ọ̀gá kan tí yóò gé owó rẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní àárọ̀ Sátidé. Bí ìlú tí ikọ̀ ń lọ bá jìnnà, eléré ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì yọ owó wákàtí tó sọnù. Nítorí náà ni àwọn aṣojú Yorkshire ṣe gbé àbá kan lọ síwájú ìpàdé àwọn aláṣẹ rọ́gbì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1893. Wọn kò bèèrè owó oṣù. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí wọ́n dá owó iṣẹ́ tí eléré pàdánù padà fún un. Ìbò 282 lòdì sí i, 136 péré ló fara mọ́ ọn.

Ọdún méjì ni wọ́n fi gbé ìjákulẹ̀ náà sínú. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1895, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ àríwá pàdé ní ilé ìtura George ní ìlú Huddersfield, wọ́n sì ya kúrò. Ẹgbẹ́ méjìlélógún ló para pọ̀ di ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n pè ní Northern Union. Iye tí wọ́n fọwọ́ sí pé eléré lè gbà fún ọjọ́ iṣẹ́ tó bá sọnù kò ju ṣílè mẹ́fà lọ. Ní ọdún 1898 ni wọ́n tó gbà kí eléré máa gbowó eré gan-an, wọ́n sì kàn án nípá fún un pé ó gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́.

Bí èrò ti ń sanwó kí wọ́n tó wọlé, eré náà gbọ́dọ̀ dùn-ún wò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún òfin rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1906, wọ́n dín eléré kù láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́tàlá kí àyè lè wà fún eré sísá. Lónìí, ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù gbọọrọ tó rí bí ẹyin náà dání ń sáré lọ sí ìpẹ̀kun pápá àwọn alátakò. Kò gbọdọ̀ jù ú síwájú, ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni kó jù ú sí. Àwọn alátakò yóò dì mọ́ ọn bí ẹni ń ja ẹkẹ, wọn yóò sì gbé e ṣánlẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n lè dá ikọ̀ kan dúró bẹ́ẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ sọ́wọ́ ikọ̀ kejì. Ẹni tó bá tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ kọjá ìlà òpin gba àmì mẹ́rin fún ikọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbá a gba àárín òpó méjèèjì kọjá lókè igi ìdábùú, àmì méjì yóò kún un. Ọgọ́rin ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ rọ́gbì àtijọ́, tí a mọ̀ sí rọ́gbì yúníọ̀nù, kò dárí jì wọ́n. Ẹni tó bá ti bá àwọn ará àríwá ṣeré ti di ẹni ìtanù títí ayé. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi rọ̀ mọ́ òfin pé eléré kò gbọdọ̀ gbowó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, nínú oṣù kan náà tí ìpàdé Huddersfield pé ọgọ́rùn-ún ọdún, yúníọ̀nù fúnra rẹ̀ kéde pé eléré lè máa gbowó. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ síta ni àwọn náà padà wá jẹ.

Ẹni tí wọ́n gba ogún rẹ̀ ló dá ife sílẹ̀

Eré àwọn òṣìṣẹ́ yìí tètè di eré orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Àwọn ará New Zealand ti wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe é ní ọdún 1907, ó sì fìdí múlẹ̀ ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà ní ọdún 1908. Ilẹ̀ Faransé gbà á ní àwọn ọdún 1930. Ṣùgbọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Vichy tó ń bá Jámánì ṣe fi òfin de rọ́gbì líìgì ní ọdún 1941, wọ́n sì gba ohun ìní ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn ogun, Paul Barrière, ẹni tó wà lára àwọn tó bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀, di olórí eré náà ní ilẹ̀ Faransé. Òun ló dá a lábàá pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń ṣe é pàdé láti du ife kan.

Àbá náà ló di Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti ọdún 1954. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin péré ló wá sí ilẹ̀ Faransé: Bìrìtìkó, Ọsirélíà, New Zealand àti Faransé tó gbàlejò. Bìrìtìkó ló borí Faransé pẹ̀lú àmì 16 sí 12 nínú àṣekágbá ní Párísì. Ó tó ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní 1987, kí rọ́gbì yúníọ̀nù tó ní ife àgbáyé tirẹ̀. Ẹni bá ń fojú kékeré wo ìdíje orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó wáyé ní Sùúrùlérè, kí ó rántí pé mẹ́rin náà ni ife àgbáyé fi bẹ̀rẹ̀.

Eré yìí ní àbùkù tirẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún, ó ṣí ìlẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú ṣáájú àwọn eré mìíràn. Ní ọdún 1972, Clive Sullivan, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Wales, ni balógun ikọ̀ Bìrìtìkó tó gba ife àgbáyé. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ balógun ikọ̀ orílẹ̀-èdè kankan ní Bìrìtìkó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Martin Offiah yọ, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, tí wọ́n bí i sí Lọ́ńdọ̀nù. Rọ́gbì yúníọ̀nù ló kọ́kọ́ ń ṣe, láìgbowó. Ó kọjá sí ẹgbẹ́ Widnes ní 1987, nígbà tó sì di 1992, ẹgbẹ́ Wigan san £440,000 lé e lórí, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì san lórí eléré rọ́gbì líìgì rí. Ère rẹ̀ wà lára àwọn tó dúró síwájú pápá Wembley láti ọdún 2015. Bìrìtìkó ni Offiah ṣeré fún. Nàìjíríà kò ní ikọ̀ tó lè pè é sí nígbà náà.

Àwọn tó gba ọ̀nà òkun padà wá

Ní ti Áfíríkà, South Africa nìkan ló dé ìdíje ife àgbáyé ti àwọn ọkùnrin títí di èyí tó wáyé ní ọdún 2022. Ó kópa ní 1995 àti 2000. Kí Nàìjíríà tó lè ní ikọ̀ tirẹ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé eré náà wálé. Adé Adébísí wà lára àwọn tó ṣe é. Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i, Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí, ó sì ṣeré fún àwọn ẹgbẹ́ bíi London Skolars àti Whitehaven. Ohun tó sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀ ni pé ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, síbẹ̀ ó ń ṣe eré tí ènìyàn mẹ́ta lè já lu ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọ̀pọ̀ òbí ti mọ ohun tí àìsàn yìí ń fojú ọmọ rí, ìtàn rẹ̀ tó sọ fọ́mọdé gbọ́. Nígbà tó yá, ó wà lára àwọn tó ṣètò rọ́gbì líìgì ní Nàìjíríà.

Òfin eré náà gbà pé ẹni tí òbí rẹ̀, tàbí òbí òbí rẹ̀, bá jẹ́ ọmọ bíbí orílẹ̀-èdè kan lè ṣeré fún un. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rọ́gbì ní Bìrìtìkó àti àwọn tó wà nílé ló pàdé nínú ikọ̀ 2019. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Àwọn tòkèèrè mú ìmọ̀ eré wá, àwọn tilé mú agbára wá, wọ́n sì mọ oòrùn Èkó àti ilẹ̀ líle tí wọ́n ń ṣubú lé.

Àwọn kan máa ń bínú sí irú ètò yìí. Wọ́n ní ife tí àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù bá wa gbà kì í ṣe tiwa. Ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kò gbè wọ́n lẹ́yìn tán. Ní ife àgbáyé tó wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2022, Samoa, erékùṣù kékeré inú òkun Pàsífíìkì, lu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àmì 27 sí 26 ó sì dé àṣekágbá, kí Ọsirélíà tó borí rẹ̀ ní 30 sí 10. Ọ̀pọ̀ àwọn eléré Samoa náà ni wọ́n bí tàbí tọ́ dàgbà ní Ọsirélíà àti New Zealand. Kò sí ará Samoa kan tó torí ìyẹn kọ̀ láti jó.

Ohun tó ya Samoa sọ́tọ̀ ni pé rọ́gbì wà nílé pẹ̀lú. Ọmọdé ń ṣe é lábúlé, ẹgbọ́n rẹ̀ ń ṣe é ní Sydney, ojú ọ̀nà sì ń lọ ó ń bọ̀. Ìṣòro Jamáíkà, tó kọ́kọ́ dé ife àgbáyé nínú ìdíje 2022 kan náà, yàtọ̀. Àwọn ọmọ Jamáíkà tó wà ní Bìrìtìkó ló pọ̀ jù nínú ikọ̀ rẹ̀, eré náà sì kéré nílé. Ibi tí ọ̀nà ti pín fún Nàìjíríà nìyí. Bí kò bá sí rọ́gbì ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ìgbèríko, ọdọọdún ni yóò máa wo òkè òkun fún ẹni tí yóò wọ aṣọ àwọ̀ ewé.

Orúkọ tó wà lára pápá tí wọ́n ti gba ife náà tó láti kọ́ni lọ́gbọ́n. Teslim Balógun wà lára ikọ̀ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ rin ìrìn àjò bọ́ọ̀lù lọ sí Bìrìtìkó ní ọdún 1949. Ó padà lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Peterborough àti Queens Park Rangers ní àwọn ọdún 1950. Láti ilé ni ó ti kọ́ bọ́ọ̀lù kí ó tó gbé e lọ sókè òkun. Nínú rọ́gbì líìgì, òkè òkun ni eré náà ti ń bọ̀ wálé. Ọ̀nà méjèèjì dára, bí ẹni tó ń bọ̀ bá ti lè bá ẹni tó ń ṣe é nílé.

Ta ni yóò san owó ọjọ́ náà?

Ilẹ̀ Yorùbá ti dáhùn ìbéèrè yìí rí, nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ni pé kí ilé iṣẹ́ gba eléré sẹ́nu iṣẹ́, kí ó máa ṣeré, kí owó oṣù rẹ̀ má sì dúró. Ilé iṣẹ́ Stationery Stores ti Israel Adébàjọ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Èkó. Ní Ìbàdàn, orúkọ IICC tó wà níwájú Shooting Stars jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba. Ẹgbẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní ọdún 1976. Ohun tí àwọn ará Huddersfield fi ṣílè mẹ́fà yanjú, owó oṣù ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi yanjú rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ewu. Leventis United, tí ilé iṣẹ́ Leventis dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1982, gba ife líìgì Nàìjíríà ní 1986. Ní 1987, ilé iṣẹ́ náà ká owó rẹ̀ kúrò, ẹgbẹ́ náà sì parẹ́. Ẹni tó bá gbé gbogbo ẹrù lé orí olówó kan ṣoṣo, ọjọ́ tí olówó bá rẹ̀ ni eré parí.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni èyí ń dùn. Ilẹ̀ Faransé, tó dá ife àgbáyé sílẹ̀ ní 1954, ló yẹ kó gbàlejò rẹ̀ ní 2025. Ní ọdún 2023, ìjọba Faransé kọ̀ láti ṣe onídùúró fún ìnáwó rẹ̀, wọ́n sì dá ìdíje náà padà. Ọsirélíà ni wọ́n gbé e lọ, ọdún 2026 ni wọ́n sì sún un sí. Bí owó bá lè dá ilẹ̀ Faransé dúró, kò ní ṣòro fún un láti dá ọ̀dọ́ Akínmọ̀ọ́rìn dúró.

Kí ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ tó lè ṣe ìdánrawò pẹ̀lú àwọn tó wà ní Èkó, ó ní láti wọkọ̀ dé Ìbàdàn, kí ó sì wọ òmíràn. Owó ọkọ̀ ń lọ, owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ń lọ, oúnjẹ kò sì sí nínú ètò. Ọmọ tí òbí rẹ̀ rí jájẹ ló lè fara dà á. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, eré tí àwọn òṣìṣẹ́ yà sọ́tọ̀ kí tálákà lè ráyè ṣe é yóò tún di eré ọmọ ọlọ́rọ̀ níbí.

Ohun tó lè dènà rẹ̀ kò tó nǹkan lójú ẹni tó bá mọ iye tí ìnáwó ọjọ́ kan ń gbà nílùú. Pápá ilé ẹ̀kọ́ girama wà ní àwọn ìlú Afijió. Bọ́ọ̀lù díẹ̀, olùkọ́ kan tí wọ́n bá rán lọ kọ́ òfin eré náà, àti ìdíje láàrin Akínmọ̀ọ́rìn, Fìdítì, Ìlọrà àti Awẹ́ tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìrìn tó wà láàrin àwọn ìlú wọ̀nyí kò jìnnà débi tí ọmọ yóò fi sùn síta. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú lè dá owó jọ, kí ìjọba ìbílẹ̀ fi tirẹ̀ kún un, kí ó má bàa jẹ́ pé ẹnìkan ló rù ú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n kọ ọ́ sínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀dọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tí wọ́n bá pè láti ṣeré fún ìlú, yóò gba owó ọjọ́ tó fi sílẹ̀.

Ife 2019 jẹ́ ohun ìwúrí, ó sì yẹ kí ọmọ Nàìjíríà mọ̀ pé ó wà. Àwọn tó gbà á fi hàn pé Nàìjíríà lè borí. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ń po sìmẹ́ńtì ní Akínmọ̀ọ́rìn lónìí lágbára apá, ó sì lè sáré bíi tiwọn. Kò bèèrè ju ohun tí àwọn awakùsà Yorkshire béèrè ní 1893 lọ.